Gbọ̀ngàn sinimá méjì n'Óṣogbo: àwòrán ń ṣú, òṣìṣẹ́ ń sá lọ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́ Ajé, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ra ilé sinimá kan n'Óṣogbo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi òwò náà sílẹ̀. Gbọ̀ngàn méjì ni: ọ̀kan gba ènìyàn 140, èkejì gba 86. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Fíìmù wíwò ni mo mọ̀, mi ò mọ fíìmù fífihàn.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Àwòrán gbọ̀ngàn ńlá ti ṣú. Bí fíìmù bá dé ibi tó jẹ́ òru, ńṣe ni àwọn oníbàárà á máa bi ara wọn pé "ta ló lu ta nìyẹn?" Ẹni tó wá láti Èkó wá wò ó ní kí a ra gílóòbù tuntun, iye tó dá lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wa fún oṣù méjì. Èkejì, bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, prójẹ́kítọ̀ á ti kú, a ó sì tún dúró bí ìṣẹ́jú 15 kó tó tàn padà. Ẹ̀kẹta, owó gúgúrú kì í bá àgbàdo tí a lò mu. Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù: láàárín oṣù mẹ́rin, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ti fi mí sílẹ̀, títí kan ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó mọ inú yàrá prójẹ́kítọ̀. Kò tilẹ̀ kọ̀wé. Ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ rán ọlọ́kadà sí mi.

Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń rí òṣìṣẹ́ tó ń dúró?

AríṣeAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:47 àárọ̀

Káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ àwọn tí kì í sùn lálẹ́ Ẹtì. Gbọ̀ngàn kan ni tèmi l'Ákùúrẹ́, ọdún kẹfà rèé.

Ra gílóòbù. Bí àwòrán bá ti ṣú, gílóòbù ló gbó, kò sí ìtàn mìíràn níbẹ̀. Ní ti òṣìṣẹ́, ẹbí ni kí o gbà. Àbúrò ìyàwó mi ló ń gbowó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Àjèjì kò ní bá ọ ṣọ́ owó. Èyí tó bá dín nínú owó gúgúrú, yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹni tó dúró nídìí rẹ̀. Oṣù kan péré, wàá rí i pé àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í bá owó mu. Kí o sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ń gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Adé_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Aríṣe, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn yẹn lónìí. Mo ṣiṣẹ́ ọdún 9 nínú ilé sinimá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láti orí ẹni tó ń gbálẹ̀ títí dé igbákejì máníjà. Ilẹ̀kùn tí a ń gbà sá àsálà kì í ní àgádágodo nígbà tí ènìyàn bá wà nínú gbọ̀ngàn. Ènìyàn 140, nínú òkùnkùn, èéfín bẹ̀rẹ̀: gbogbo wọn á ya lọ síbi iná EXIT. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò ṣí ńkọ́?

Irin tí wọ́n ń fi ara tì ni kí ẹ fi sí i, kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, kí ẹ sì so aago mọ́ ọn. Ẹni tó bá ṣí i láti inú kó lè mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, aago á ké, gbogbo ojú á yí sí i. Mo ti rí i. Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti àwòrán, ỌmọỌ̀ṣun, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bá mi dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Wákàtí mélòó ni gílóòbù yẹn ti jó? Ó wà lójú prójẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni ti nu gíláàsì fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú gbọ̀ngàn, tinú tòde? Ṣé gbọ̀ngàn yẹn ti fi fíìmù 3D hàn rí?

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi 3D hàn nígbà ọdún Kérésì tó kọjá. Àwọn yòókù, mo máa gòkè lọ wò ó ní ọ̀sán. Kí ni 3D ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

BàbáPrójẹ́kítọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 11:40 àárọ̀

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ní 1978 ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, nígbà tí fíìmù 35mm ń wá nínú agolo irin, tí a sì ń fi igi kábọ́ọ̀nù méjì dá ìmọ́lẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró tì í bí ẹni tó ń ro àmàlà. Nígbà tí ilé sinimá wa di ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí àwọn ilé sinimá inú ilé ìtajà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ l'Ékòó lẹ́yìn 2004 ni wọ́n tó pè mí padà.

Ìbéèrè ọmọ wa tó wà ní Peckham dára. Bí wọ́n bá fẹ́ fi 3D hàn, irú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ ní gíláàsì kan tí wọ́n ń gbé síwájú lẹ́ńsì, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ fún ojú ọ̀tún àti ojú òsì. Gíláàsì yẹn ń jẹ ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá parí 3D tí wọn kò yọ ọ́, gbogbo fíìmù tó bá tẹ̀lé e á máa ṣú, wàá ra gílóòbù mẹ́ta kò sì ní yàtọ̀. Lọ wo iwájú lẹ́ńsì kí o tó fọwọ́ kan owó.

Ẹ̀gbọ́n Aríṣe kò purọ́ tán o. Gílóòbù xenon, irú èyí tó wà nínú prójẹ́kítọ̀ yín, kì í kú lójijì bí ti ilé, ńṣe ló ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹni tó ń wò ó lójoojúmọ́ kì í sì í mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò sí lágbàáyé fún fíìmù lásán jẹ́ 14 footlambert (ohun tí a fi ń ka bí skírìn ṣe mọ́lẹ̀ tó) láàárín skírìn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò tóbi ju fóònù lọ, bí o kò bá ní, yá a lọ́wọ́ ilé sinimá mìíràn.

Wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí gílóòbù, má fojú kéré rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ti gíláàsì láti inú, àní nígbà tí kò tan, nígbà tí ó sì bá gbó, gíláàsì náà ti rẹ̀. Mo ti rí èyí tó bú nínú prójẹ́kítọ̀. Ó fọ́ dígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ lẹ́yìn rẹ̀, owó dígí yẹn sì ju ti gílóòbù lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ láìwọ ìbòjú, ẹ̀wù tó nípọn àti ìbọ̀wọ́. Bí ìka bá kan gíláàsì rẹ̀, ọ̀rá ọwọ́ ló máa sun ibẹ̀ jù, ibẹ̀ ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Asẹ́ afẹ́fẹ́ prójẹ́kítọ̀ ńkọ́? Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ ọ́ wò. Eruku ló ń pa ẹ̀rọ ní ilẹ̀ yìí ju ọjọ́ orí lọ.

Ọ̀kan kù. Ẹ má fi omi ọṣẹ kan skírìn. Máníjà wa kan rí àbàwọ́n ọtí ẹlẹ́rìndòdò lára rẹ̀, ó ní kí ọmọ kan fi ọṣẹ ìfọṣọ àti tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Ibi tó nù yẹn ń dán bí iwájú orí apárí títí tí a fi pààrọ̀ skírìn. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, gbígbẹ, láti òkè wálẹ̀. Tí kò bá lọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Tóyìn_LójúFèrèsé · Ọjọ́ Ajé, 12:15 ọ̀sán

Èmi kì í ṣe onísinimá, oníbàárà ni mí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ footlambert, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò sí omi, mi ò ní padà wá, ì báà jẹ́ pé àwòrán mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán.

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́ Ajé, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà! Mo gòkè lọ. Gíláàsì 3D wà níwájú lẹ́ńsì. Ó wà níbẹ̀ láti Kérésì! A yọ ọ́, a tan fíìmù tí a ń fi hàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jókòó, ẹ̀ṣọ́ ní "ọ̀gá, obìnrin yẹn ní ilà lójú!" A kò rí ilà yẹn rí.

Àmọ́ gílóòbù náà ti jó wákàtí 2,310, ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sì jẹ́ 2,000. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n Aríṣe náà jàre. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Houston pé a gbọ́dọ̀ rà á kí oṣù yìí tó parí. Gíláàsì fèrèsé ńkọ́? Aṣọ tí mo fi nù ún, mi ò lè fi nu bàtà mọ́.

Tóyìn, omi wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó.

Ṣẹ́gunTẹ́ẹ̀kì · Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jù ú nù, kí ẹ ra prójẹ́kítọ̀ léésà. Kò ní gílóòbù, á jó wákàtí 20,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti iná tó ń lọ, ẹ ra UPS ńlá kan, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ nígbà tí iná bá lọ, kó gbé gbogbo rẹ̀. Ó parí.

Mọ̀nàmọ́ná_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 7:03 alẹ́

Ṣẹ́gun, ẹni tó ní òun kò lówó gílóòbù lo ní kó ra léésà. O ṣeun.

Ọ̀rọ̀ UPS yẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Gílóòbù yẹn nìkan lè máa gba kílówáàtì méjì tàbí mẹ́ta, UPS tó máa gbé e lọ́nà tó yẹ kì í ṣe kékeré. Ohun tí UPS wà fún ni server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fíìmù wà nínú rẹ̀, àti ọpọlọ prójẹ́kítọ̀ pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Prójẹ́kítọ̀ púpọ̀ ní ojú iná méjì, ọ̀kan fún gílóòbù, ọ̀kan fún ìyókù. Ẹ wo ìwé tó bá a wá. Bí iná bá lọ, gílóòbù á kú, kò burú, ṣùgbọ́n fáànù á ṣì máa fẹ́ ooru jáde. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nísinsìnyí ni pé fáànù àti gílóòbù ń kú pọ̀, ooru há sínú, ẹ wá ń dúró kí ó tutù. Server tó kú lójijì náà sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 15 yín ń lọ.

Kì í ṣe wákàtí nìkan ló ń jẹ gílóòbù. Títàn àti pípa náà ń jẹ ẹ́. Ilé tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lálẹ́ kan kò lè bá gílóòbù pẹ́.

Ohun tí mo ṣe fún ilé kan níhìn-ín: a tan jẹnẹrétọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, a gbé yàrá prójẹ́kítọ̀ sórí rẹ̀, a kò sì yí i padà títí fíìmù fi parí, NẸ́PÀ ì báà mú iná wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀rọ amúlétutù àti iná ìta ló ń lo NẸ́PÀ. Wọ́n pariwo nípa owó dísù. Mo ní kí wọ́n kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá padà fún oníbàárà ní oṣù kan sílẹ̀. Wọn kò pariwo mọ́.

AríṣeAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 7:30 alẹ́

Àwa wà lórí Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná NẸ́PÀ jù. Wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí láti oṣù kẹrin 2024. Mi ò rí ìdí tí n ó fi máa sun dísù.

Mọ̀nàmọ́ná_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 7:34 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn, ta ló sọ fún yín pé kò ní bọ́ sí alẹ́ Àbámẹ́ta?

ÌyáGúgúrú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ prójẹ́kítọ̀, gúgúrú ni mo mọ̀. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń bójú tó ibi oúnjẹ nínú ilé sinimá, l'Ékòó àti n'Íbàdàn.

ỌmọỌ̀ṣun, ta ló kọ́ ọ kí o máa wọn àgbàdo? Àgbàdo kò ṣeé kà. Iná gbóná jù, apá kan jóná. Àgbàdo gbẹ jù, kò bẹ́, ó kù nísàlẹ̀. O fẹ́ mú ènìyàn lólè nítorí àgbàdo tó kọ̀ tí kò bẹ́? Ife ni kí o kà. Ife ni owó. Láàárọ̀, ìwọ àti ẹni tó fẹ́ tà á jọ kà á, ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Lálẹ́, ẹ ka èyí tó kù àti èyí tó ya. Gbogbo ife tó bá lọ gbọ́dọ̀ ní owó tó dúró fún un. O fi ife kan tọrẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ? Kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ ọ̀gá.

Wọ́n á dọ́gbọ́n sí i. Mo rí ọmọbìnrin kan tó máa ń wọ gbọ̀ngàn lẹ́yìn fíìmù, á ṣa ife tó bá ṣì mọ́ lábẹ́ àga, á nù ún, á rọ gúgúrú sí i fún ẹlòmíràn, owó wọ àpò tirẹ̀. Ife kò dín, owó kò dín, inú mi ń dùn! Èérí ọ̀rá nídìí ife ló tú u fó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń gbá gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ fún ife pa kó tó jù ú sínú àpò ìdọ̀tí.

Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà lórí gúgúrú ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tìrẹ nìkan. Lẹ́yìn owó ìjọba, ẹni tó ni fíìmù máa ń gbé bí ìdajì lọ. Owó gúgúrú, tìrẹ ni. Òun ló ń ra dísù tí Mọ̀nàmọ́ná ń sọ.

Gúgúrú náà ló ń pe eku. Bí o bá fi ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, o ti se àsè. Lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa gbá a, kí ẹ sì gbá abẹ́ àga lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ì báà jẹ́ agogo méjìlá òru. Àgbàdo tútù, inú dúrọ́ọ̀mù onídèérí ni, kì í ṣe nínú àpò nílẹ̀. Eku jẹ wáyà ohùn wa ní ọdún kan, apá òsì gbọ̀ngàn dákẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kérésì. Ẹnì kan ní ká mú ológbò wá. Ológbò náà wá. Ó bímọ sẹ́yìn skírìn, a ń gbọ́ ọmọ ológbò nínú fíìmù ogun.

Ọ̀rọ̀ ẹbí. Aríṣe, àbúrò mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Èmi gbé àbúrò ọkọ mi síbẹ̀ rí. Nígbà tí owó dín, ta ni mo fẹ́ lé? Ọkọ mi ní "ṣé torí ife bébà?" Mo fi oṣù mẹ́jọ dákẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo ń gbà báyìí fún iṣẹ́ ọ̀sán, àwọn tí ọmọ wọn ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n máa ń tètè dé, wọ́n mọ owó kà, wọn kì í sì í fi fóònù ṣeré nídìí ọjà.

Lọ́yàObìnrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Mo bá gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Aríṣe sọ nípa yíyọ owó ni mo fẹ́ tún ṣe. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa gé owó oṣù nítorí ohun tó sọnù bó ṣe wù ú. Àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, tí aláṣẹ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú. "Owó dín, ìwọ lo dúró níbẹ̀" kò tó ẹ̀rí.

Òfin kan náà ní kí òṣìṣẹ́ gba ìwé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. ỌmọỌ̀ṣun, ṣé àwọn mẹ́ta tó lọ yẹn gba ìwé kankan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó oṣù síbi tó yẹ. 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù láti oṣù keje 2024. Bí òṣìṣẹ́ yín kò bá tilẹ̀ tó iye tí òfin náà fi lè ká yín mọ́, ọjà tí wọ́n ń lọ kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yín kéré.

AríṣeAkúrẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀

Gbogbo yín kọjú sí mi, ó dáa. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn, aláàgo ń bọ̀ lọ́la. Ti owó oṣù, mo gbọ́, mi ò ní yọ ọ́ mọ́ títí n ó fi bá lọ́yà tèmi sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹbí kò wúlò. Nígbà tí COVID ti ilé sinimá pa ní 2020, àwọn ẹbí yẹn ló dúró tì mí láìgbowó. Àjèjì wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti já mi kulẹ̀ ná, kí ẹ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí a sin bàbá wa àgbà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, fíìmù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àwọn ènìyàn ń to ìlà níta. Mo ti ilé sinimá pa. Gbogbo òṣìṣẹ́ mi ló jẹ́ olóòkú.

Adé_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Mo rẹ́rìn-ín títí, ọ̀gá mi ń wò mí.

Bí a ṣe ń gba ènìyàn nìyí. A kì í jókòó béèrè pé "kí ni àléébù rẹ?" A máa ń mú àwọn mẹ́rin márùn-ún wọ gbọ̀ngàn tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ló wà kí àwọn tó kàn tó wọlé. A ó kàn máa wò wọ́n. Ta ló tẹ̀ba wo abẹ́ àga? Ta ló dúró bá ọmọdé wá bàtà rẹ̀? Ta ló ń dúró de àṣẹ? Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí a sanwó fún, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gba ìwé. Ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo á lọ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Àìkú.

A tún máa ń ní kí wọ́n ṣeré fún wa: ẹnì kan ń tẹ fóònù nínú gbọ̀ngàn, lọ bá a wí. Ẹni tó bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú tó ní "pa á" ló mọ iṣẹ́.

ÌyáGúgúrú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:12 ọ̀sán

Níbí yìí lo ti máa rí ìyàtọ̀ láàárín Peckham àti Òṣogbo, ọmọ mi. Ọmọ ogún ọdún kan á tan tọ́ọ̀ṣì sí Alhaji tó mú ìyàwó méjì wá lójú? Ilé á dàrú, fíìmù á di méjì. Ńṣe ni kó lọ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kó tẹ̀ba kó má bo skírìn, kó sọ ọ́ sí i létí pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbà á níta, mo máa ṣọ́ àga yín." Alhaji á dìde. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn ni kí o gbà.

Adé_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Mo gbà, Màámi. Mo ti pẹ́ níta.

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́rú, 8:45 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí, mo ní ohun kan láti sọ. Ìbéèrè lọ́yà ló mú mi pe àwọn mẹ́ta yẹn. Méjì gbé e. Wọn kò gba ìwé kankan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n sọ. Ọ̀kan ń gbé ní Ẹdẹ, ọmọkùnrin prójẹ́kítọ̀ ń gbé ní Ìlobù. Fíìmù ìkẹyìn ń parí ní agogo 11 kọjá. Kò sí mọ́tò. Ọmọkùnrin yẹn ní lẹ́ẹ̀mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun sun inú yàrá prójẹ́kítọ̀, ìyá òun sì rò pé òun ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Èmi ń wọ ọkọ̀ mi lọ sílé lójoojúmọ́, mi ò bi wọ́n rí pé báwo ni wọ́n ṣe ń délé.

Ọmọkùnrin náà gbà láti máa wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kó kọ́ ẹlòmíràn. Kò gbà láti padà tán.

BàbáPrójẹ́kítọ̀ · Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

O ti rí i. Wá kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ ó jọ ṣàdéhùn lóṣooṣù, kó máa gbé gbogbo wọn délé lẹ́yìn fíìmù ìkẹyìn. Ọmọbìnrin ni kó kọ́kọ́ já sílẹ̀.

Kí ọmọkùnrin yẹn kọ́ ènìyàn méjì. Ẹnì kan kò tó láé. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó ń tajà tàbí tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ó wà nítòsí bí ẹ̀rọ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ra ìwé ńlá kan, kì í ṣe fóònù, ìwé, kó wà lórí tábìlì yàrá yẹn: ọjọ́ tí ẹ nu asẹ́, wákàtí gílóòbù ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí ẹ gbé gíláàsì 3D sí i àti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́. Ká ní ìwé yẹn wà ni, ẹ kò bá má wo òkùnkùn láti Kérésì.

Kọ ti kọ́kọ́rọ́ fíìmù náà síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní KDM: fáìlì kékeré tó ń jẹ́ kí fíìmù tí wọ́n ti tì pa lè ṣí. Fíìmù tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa gba orí ímeèlì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín fíìmù. Orí server kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní wákàtí tó ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó ń parí. Ẹ wò ó lọ́jọ́bọ̀: ṣé nọ́ńbà server tiyín ni, ṣé gbọ̀ngàn tó yẹ ni? Ẹ ṣọ́ra fún wákàtí tí wọ́n kọ sí i, torí àsìkò UTC, ìyẹn àsìkò àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n sábà máa ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ṣìnà lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́. Bí o bá mọ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọ́fíìsì wọn ti fẹ́ pa.

Mọ̀nàmọ́ná_Ìlọrin · Ọjọ́bọ̀, 7:00 àárọ̀

Láti 1903 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán hàn ní Glover Hall l'Ékòó, inú òkùnkùn la ti ń ṣòwò yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òkùnkùn tí a fọwọ́ wa dá.

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́ Ẹtì, 11:58 alẹ́

Kọ́kọ́rọ́ ṣí. Jẹnẹrétọ̀ gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oníkẹ̀kẹ́ ti gbé àwọn ọmọ lọ, mo dúró títí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù nínú wọn fi fi ìpè ránṣẹ́ pé òun ti délé. Ìyá, mo ka ife gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ife 212 la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, 169 ló kù, kò sí èyí tó ya. Owó ife 41 ló wà nínú àpótí.

ÌyáGúgúrú · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:03 òru

Ife méjì dín. Ta ló dúró nídìí rẹ̀?

ỌmọỌ̀ṣun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:09 òru

Èmi ni, Màámi. Ọmọbìnrin tó ń tà á kò tètè dé.